Àwọn ọ̀nà òkè tó yí Saint-Guilhem-le-Désert ká: mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó ṣe rí rèé

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gbé Montpellier, lápá gúúsù Faransé, ẹnikẹ́ni tó bá sì wá kí mi, Saint-Guilhem ni mo máa ń mú un lọ. Kò jìnnà, bíi kìlómítà 40 ni. Àmọ́ ohun tó máa ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn á dé ibẹ̀, wọ́n á rìn lójú títì tóóró tó gba àárín abúlé yẹn kọjá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lá ice cream, wọ́n á kó sínú ọkọ̀ padà, wọ́n á ní àwọn ti rí Saint-Guilhem. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan o. Ọ̀nà òkè tó wà lẹ́yìn abúlé yẹn gan-an ni nǹkan.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀, torí tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, òkúta lásán lẹ máa rí. Guilhem tí wọ́n fi sọ abúlé yìí, ìbátan ọba Charlemagne ni, jagunjagun ni, ó wà lára àwọn tó gba ìlú Barcelona lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ní 801. Lọ́dún 804 ló kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì sí àfonífojì Gellone, ó fi ogun sílẹ̀, òun náà di mọ́ńkì níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló kú sí. Désert tó wà lára orúkọ yẹn, kì í ṣe aṣálẹ̀ oníyanrìn, ibi tí kò séèyàn ni wọ́n ń sọ. Tí ẹ bá wo àpáta tó ká a mọ́ lọ́tùn-ún lósì, ó máa yé yín ìdí tí ọkùnrin tí ogun ti sú fi sá lọ síbẹ̀.

Àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago de Compostela ní Sípéènì ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ṣì ń gbà á títí dòní, ẹ máa rí wọn tí ìkarahun, tó jẹ́ àmì ìrìn àjò yẹn, rọ̀ lára báàgì ẹ̀yìn wọn. GR 653 ni wọ́n ń pe ọ̀nà gígùn yẹn báyìí. Torí ẹ̀ ni UNESCO fi ka ilé ìjọsìn ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 1998. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní New York, àwọn òpó òkúta tó wà nínú mùsíọ́mù The Cloisters, púpọ̀ nínú wọn ti ilé mọ́ńkì yìí wá. Ó dùn mí pé wọn ò sí níbi tí wọ́n ti gbẹ́ wọn.)

Ó yá, ọ̀nà. Láti gbàgede abúlé, níbi tí igi platane ràbàtà kan wà tí wọ́n gbìn ní 1855, ẹ máa rí òpópónà kan tó ń jẹ́ rue du Bout-du-Monde, ìyẹn òpópónà Òpin Ayé. Orúkọ yẹn nìkan ti tó mi! Odò kékeré kan tó ń jẹ́ Verdus ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, lára ilẹ̀kùn àwọn ilé, wọ́n kan òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ńlá kan mọ́ ọn tó dà bí oòrùn, cardabelle ni wọ́n ń pè é, ó máa ń là nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbẹ, ó sì máa ń pa dé tí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń mọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Ẹ má já a lórí òkè o, òdòdó tí òfin ń dáàbò bò ni. Ẹ rìn díẹ̀ síwájú, ilé á tán, ẹ sì ti wọ Cirque de l'Infernet nìyẹn, àpáta funfun gíga á wá yí yín ká bíi pé ẹ wà nínú ìkòkò. Apá ibí yìí ò le rárá, ọmọdé lè rìn ín, ìyá àgbà náà lè rìn ín.

Ọ̀nà tí mò ń tìtorí ẹ̀ kọ gbogbo èyí ni Fenestrelles. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò yẹn, ó sì gun ojú àpáta lọ sókè, kọ́lọkọ̀lọ, ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn mọ́ńkì ayé àtijọ́ ló là á. Níbi tí àpáta ò ti ní ibi tí èèyàn lè tẹ̀, ṣe ni wọ́n mọ ògiri òkúta láti ìsàlẹ̀ kó gbé ọ̀nà yẹn dúró, wọ́n wá dá ihò sára ògiri náà tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, tẹ́ ẹ bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀ ó dà bíi fèrèsé tó tò lára òkè, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i mo kàn dúró ni. Kò sí kàtàpílà, kò sí kireéènì, ọwọ́ ni wọ́n fi gbé gbogbo òkúta yẹn, èmi náà wá ń tẹ̀ ẹ́ kọjá pẹ̀lú kánfáàsì lẹ́sẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin wá láti London ní oṣù April, mo mú un gun ibẹ̀, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ibi gíga ń bà á. Nígbà tá a dé ibi ìyípadà kẹta kẹ́rin, ó fẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ àpáta, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, òòyì ń kọ́ mi, mi ò lè wo ìsàlẹ̀." Mo ní kó jókòó, mo fún un lómi àti chin-chin, mo ní, "Má wo ìsàlẹ̀, gìgísẹ̀ mi ni kó o máa wò, ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ìwọ náà tẹ̀." Bá a ṣe dé òkè nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ léwu tí ilẹ̀ bá gbẹ, àmọ́ ẹni tí ibi gíga bá ń dà láàmú kó tètè sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, èmi gan-an ló yẹ kí n bi í.

Òkè ọ̀hún, ẹ̀yin èèyàn mi. Táìmù tí a máa ń dà sínú ọbẹ̀ ata, ó kàn hù káàkiri ilẹ̀ bíi koríko, tí ẹsẹ̀ bá kàn án, òórùn ẹ̀ á gba afẹ́fẹ́. Igi páìnì kan tún wà níbẹ̀, pin de Salzmann, ibi díẹ̀ ló kù ní Faransé tó ti ń hù fúnra rẹ̀, igbó Saint-Guilhem wà lára wọn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ (àbúrò mi wò ó níkẹyìn!), òrùlé pupa abúlé yẹn á ká jọ yí ilé ìjọsìn ká, àwókù ilé ìṣọ́ kan á sì wà lórí àpáta tó dojú kọ ọ́, Château du Géant, ilé òmìrán. Àlọ́ ibẹ̀ sọ pé òmìrán kan ló ń gbé ibẹ̀ tó ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu kí Guilhem tó pa á.

Tẹ́ ẹ bá lọ yípo tẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé, fóònù mi ka kìlómítà mẹ́jọ àti díẹ̀, ó gbà wá ní wákàtí mẹ́rin torí pé a ń jókòó. Sísọ̀kalẹ̀ le ju gígùn lọ, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀, ó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, orúnkún mi sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè di ilẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀, kánfáàsì tí mo wọ̀ nígbà àkọ́kọ́ yẹn, mi ò wọ̀ ọ́ lọ mọ́.

Ní ti àmì, ó dára gan-an. Funfun àti pupa ni ti ọ̀nà gígùn, yẹ́lò ni ti ọ̀nà kúkurú, tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n fi dá àgbélébùú sára igi tàbí òkúta, ẹ ti ṣìnà nìyẹn, ẹ padà. Ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀dà yẹn ju fóònù lọ. Áàpù kan tí mo san owó fún, ibi tí mo ti nílò ẹ̀ jù ló ti dákú, torí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín àpáta, mi ò sì ti da máàpù yẹn sílẹ̀ látilé.

Oṣù kẹjọ ńkọ́? Ẹ má lọ ní ọ̀sán. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lítà kan ààbọ̀ ni mo gbé, kí n tó dé ìdajì ó ti tán, kò sí òjìji, kò sí omi lójú ọ̀nà, mo kàn yíjú padà ni, mo rọra sọ̀ kalẹ̀, ọfun mi gbẹ bíi páálí. Ẹ ka lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, iná igbó ń jà lágbègbè yẹn, wọ́n máa ń ti àwọn igbó kan pa lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá le, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. April, May, October, ìgbà tó dáa jù nìyẹn.

Páàkì abúlé ń tètè kún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé ọkọ̀ sí Pont du Diable, Afárá Èṣù, bọ́ọ̀sì á gbé yín láti ibẹ̀ dé abúlé. Afárá yẹn ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá, ẹ dúró wò ó. Owó páàkì nìkan lẹ máa san, òkè fúnra ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Máàkì 9 nínú 10 ni mo fún un, òùngbẹ ọjọ́ August yẹn ló yọ ẹyọ kan. Màmá mi ń bọ̀ ní April tó ń bọ̀, Òpin Ayé yẹn la máa rìn dé, a ó jókòó sórí òkúta, n ó fi àwọn fèrèsé yẹn hàn wọ́n láti ìsàlẹ̀.