Warsaw, Prague àbí Budapest: ṣíà ibo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ní ìlà-oòrùn Yúróòpù torí pé ẹ ò fẹ́ kó gbogbo owó yín sí London àti New York, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí ná: àwọn ọjà yìí ti so mọ́ra wọn pinpin. Ní 2008 tí wàhálà gbèsè ilé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já wálẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì lọ́dún kan náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlú wọn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ojú ló bá imú yẹn.

Warsaw ní Pólándì lèmi máa mú. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní April 16, 1991, inú olú-ilé ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì àtijọ́ ni wọ́n ti ń tajà, ilé-iṣẹ́ márùn-ún péré, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní báyìí, ẹ ó rí PKO BP tó jẹ́ báńkì, Orlen tó ń ta epo, KGHM tó ń wa kọ́pà, dé orí CD Projekt tó ń ṣe géèmù, owó yín ò ní dá lé ẹyọ ilé-iṣẹ́ kan. Ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ra rèé o: FTSE Russell àti MSCI ni ilé-iṣẹ́ méjì tó ń pín ọjà ṣíà àwọn orílẹ̀-èdè sí ìsọ̀rí. FTSE Russell ti kó Pólándì mọ́ àwọn ọjà tó ti gòkè (developed) láti September 2018, àmọ́ MSCI ṣì fi í sáàárín àwọn tó ṣì ń gòkè (emerging). Tẹ́ ẹ bá wá ra fund (àkópọ̀ ṣíà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́) tó ń tẹ̀lé developed ti MSCI, kẹ́ ẹ tún ra emerging ti FTSE, Pólándì ò ní sí nínú ìkankan, tẹ́ ẹ bá sì yí i padà, ẹ ti rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ka àkójọ ilé-iṣẹ́ inú fund kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọjà Prague kéré. Ìjọba Czech ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ČEZ tó ń pèsè iná, Société Générale ti Faransé ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú Komerční banka, Erste tó jẹ́ báńkì Austria sì wà lọ́jà Vienna pẹ̀lú, ṣíà kan náà ni, kò sí bí iye rẹ̀ ṣe máa yàtọ̀ púpọ̀ níbi méjèèjì. Ọjà Prague gan-an, ọjà Vienna ló rà á ní 2008. Ẹni tó ń wá dividend, ìyẹn èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fáwọn tó ni ṣíà, lè yà síbẹ̀.

Ní Budapest ní Hungary, OTP Bank, MOL tó ń ta epo àti Richter tó ń ṣe oògùn ló gba gbogbo ibẹ̀, OTP ló sì tóbi jù. Tẹ́ ẹ bá ń wá Wizz Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Hungary, ọjà London ló wà. Ohun tó máa ń dùn mí jù níbẹ̀ ni forint, owó Hungary. Ká ní ẹ fi £1,000 rà, tí ṣíà yín fi 10% lọ sókè, ó yẹ kó di £1,100, àmọ́ tí forint bá já ní 10% sí pọ́n-ùn, £990 lẹ máa bá nínú app. Ẹ wo iye forint kẹ́ ẹ tó wo iye ṣíà.