Okùn mítà 60 àti àgọ́ ẹlẹ́ni méjì: ohun tí ojú mi rí kí n tó gbé wọn lọ sí Todra

Okùn gígun àpáta yìí ti lo oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ mi, àgọ́ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí n tó kọ̀wé nípa wọn ni, torí ohun tí èèyàn fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé kì í ṣe ohun tí à ń yìn lọ́jọ́ tí a ṣí páálí rẹ̀.

Àfonífojì Todra là ń lọ, lẹ́bàá ìlú Tinghir ní Mòrókò, níbi tí àwọn òkè Atlas ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí etí aṣálẹ̀. Ògiri òkúta ẹfun ló dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, láwọn ibì kan ó ga tó mítà 300, ibi tó sì há jù níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó kọ́ gígun àpáta nígbà tó ń gbé nílùú òyìnbó la jọ ń lọ lóṣù kọkànlá, nígbà tí oòrùn ibẹ̀ bá ti rọlẹ̀. Abẹ́òkúta là ń gbé, àpáta ò wọ́n wa láti fi kọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé okùn lọ sórí Olúmọ. Ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lọ́dún 1830 ni, ojúbọ wà níbẹ̀ dòní, àtẹ̀gùn sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ gòkè. Oko ẹbí wa lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá la lọ, níbi tí àpáta kan wà tó ga tó ilé alájà mẹ́ta.

Kí n tó ra okùn, mo kọ́kọ́ lọ ná èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Kútọ̀. Ó nípọn, ó le, ó sì dára fún dídi ẹrù sórí ọkọ̀. Ẹ má fi gun àpáta láéláé. Kì í fà. Bí èèyàn bá já lé e, ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gba gbogbo agbára ìjábọ́ náà. Okùn àpáta, náílọ́nù tí wọ́n hun kí ó lè fà ni, kí ó fi fífà yẹn rọ ìjábọ́ náà lójú. Ẹ wo etí okùn dáadáa kí ẹ tó sanwó: àmì EN 892 tàbí UIAA, tó ń sọ pé wọ́n ti dán an wò fún gígun àpáta, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà 1 nínú òbìrí, èyí tó ń sọ pé okùn náà nìkan tó láti gbé èèyàn dúró. Tèmi fẹ̀ ní mìlímítà 9.8, ó wúwo tó kílò mẹ́rin dín díẹ̀. Owó rẹ̀ ju owó oṣù mi kan lọ, n kò sì kábàámọ̀.

Mo gbé e lọ fún Bàbá mi. Adẹ́mu ni wọ́n, wọ́n ti fi igbà gun ọ̀pẹ fún ohun tó lé lógójì ọdún. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n ti nawọ́ sí okùn náà. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka kejì mú etí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kọjá díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ká a kò, wọ́n tún ń tú u. Ó gbà wọ́n tó ààbọ̀ wákàtí kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò wọ́n títí, ó ní bí olùkọ́ òun ṣe kọ́ òun gan-an nìyẹn: ojú kì í rí fọ́nrán inú, ìka ló ń mọ ibi tó bá ti rọ̀ tàbí tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Àbẹ̀kẹ́, okùn yìí dára, àmọ́ ó ń fà. Igbà kì í fà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ̀yin ń fẹ̀yìn ti igbà ni, ẹ kì í já lé e. Àwa, bí ọwọ́ wa bá yọ, orí okùn la máa já sí."

"Ó dáa. N ó dúró wò ó."

Wọ́n sì dúró. Ọ̀rẹ́ mi ti de okùn mọ́ ìdí igi ńlá méjì lókè, ó fi àjákù kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ etí àpáta kí ó má baà rẹ́ ẹ. Mo dé akoto, mo di ìgbànú àpáta mọ́ ìbàdí àti itan, mo gùn. Nígbà tí mo kù díẹ̀ kí n débẹ̀, òógùn bo àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹsẹ̀ mi òsì yọ̀. Mo já tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, okùn fà, ó sì dá mi dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbànú ò gé mi nítan, ẹ̀yìn ò dùn mí. Mo gbọ́ ohùn Bàbá nísàlẹ̀: "Ó ti yé mi."

Àlébù kan tí mo rí lára okùn yìí ni pé àmì dúdú àárín rẹ̀ ti ń ṣí, bẹ́ẹ̀ àmì yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ń sọ ibi tí okùn dé ìdajì. Okùn mítà 60, ibi tí kò ju mítà 30 lọ ló lè gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí okùn ń lọ sókè, ó sì tún ń padà wálẹ̀. Ẹ máa ta kókó sí ìdí rẹ̀ nígbà gbogbo kí ó má baà yọ lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ohun mìíràn tí n kì í fi ṣeré ni bátìrì ínfátà. Ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ náílọ́nù, ojú sì lè má rí i títí okùn yóò fi já. Yàrá tí bátìrì wa wà, okùn mi kì í wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kì í sọ ọ́ sínú búùtù ọkọ̀ tó ti gbé bátìrì rí. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin ààbọ̀.

Àgọ́ ni mi ò lè yìn tó bẹ́ẹ̀. Ó fúyẹ́, èmi nìkan sì lè pa á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àmọ́ òru àkọ́kọ́ tí a sùn nínú rẹ̀ lóko, òjò dé. Bí iná tọ́ọ̀ṣì mi ṣe tàn sí igun lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mo rí omi tó ń yọ lójú ìránṣọ, ó ń kó ara jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń já sórí àpò ìsùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé wọn ò fi ọ̀rá dí ojú ìránṣọ igun méjì. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, ó ní aṣálẹ̀ ni mo sọ pé mo ń lọ, òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Ìdáhùn yẹn bí mi nínú gan-an. Òjò ń rọ̀ lórí Atlas, àgbàrá rẹ̀ sì lè ya wọ àfonífojì nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ lókè orí ẹni, bí odò Ògùn ṣe lè kún dé ọ̀dọ̀ wa láti ibi tí òjò ti rọ̀ lókè. Ìdí nìyẹn tí a ò fi ní pàgọ́ sójú ọ̀nà omi tó gbẹ, bó ti wù kí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ tó.

Èèkàn tó bá a wá náà kúrú. Lórí àpáta kò wúlò, òkúta la fi de okùn àgọ́ náà. Nínú iyanrìn, yóò yọ ni. Mo ti rán àpò aṣọ kéékèèké mẹ́jọ tí a máa rọ iyanrìn sí, tí a ó de okùn mọ́, tí a ó sì rì mọ́lẹ̀. Mo ti fi gọ́ọ̀mù dí àwọn igun náà, mo sì ti da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lé e lórí. Kò jò mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ra àgọ́ tuntun kò yẹ kó máa parí iṣẹ́ ẹni tó rán an. Ìràwọ̀ méjì ààbọ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ a tún ń padà sí Ọ̀dẹ̀dá. Bàbá ti ránṣẹ́ pé kí a má tíì de okùn mọ́ igi, kí a kọ́kọ́ gbé e wá fún àwọn.