Káàdì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tà ní Under-G: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ mú bírò dání

Páálí kékeré ni wọ́n kó o sí. Káàdì 96 ló wà nínú rẹ̀, ₦3,500 sì ni àwọn onífọ́tókọ́pì ní Under-G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ń tà á fún àwọn ọmọ tó ń múra JAMB. 24 nínú wọn jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ (ègé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀), aláwọ̀ ewé. 72 tó kù jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀, funfun báláú, tí wọ́n to ọ̀rọ̀ mẹ́fà tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ mú káàdì "spect", tó wá láti inú èdè Látìn. Wíwò ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Spectator" ni òǹwòran. "Inspect" ni kéèyàn yẹ nǹkan wò fínnífínní. "Retrospect" ni ká bojú wẹ̀yìn. "Prospect" ni ohun tí à ń wò níwájú. Ẹ wá gbé káàdì aláwọ̀ ewé "intro-" tì í, "introspection" ti jáde nìyẹn: kéèyàn máa yẹ inú ara rẹ̀ wò. Ìbéèrè 60 ni Use of English JAMB. Ẹni tó bá ń há ọ̀rọ̀ sórí lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè bá ẹni tó ń kọ́ ọ lágbo-lágbo dọ́gba.

Ohun tó wú wa lórí jù ni ìlà pupa tí wọ́n fi la ọ̀rọ̀ sí méjì: dis|appoint, mis|spell, un|necessary. Ẹni tó bá ti rí ìlà yẹn kò tún ní kọ s méjì sí "disappoint" mọ́, nítorí s kan ṣoṣo ni "dis-" gbé wá, "appoint" ò sì ní s kankan. Ti "misspell" yàtọ̀. S ti "mis-" pàdé s ti "spell", a ò gbọdọ̀ gbé ọ̀kankan jù nù.

Káàdì "in-" dára dé ìdajì. Wọ́n to "illegal", "impossible" àti "irregular" síbẹ̀, wọn ò kàn sọ ìdí tí "in-" fi ń pàwọ̀ dà. Bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá rárá, nítorí "oní" tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. À ń sọ pé oníbàtà, ṣùgbọ́n aláṣọ, ẹlẹ́ran, ọlọ́kọ̀, elépo. Ìró tó tẹ̀ lé e ló ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Níwájú l, "in-" á di "il-". Níwájú r, á di "ir-". Níwájú p, b tàbí m, á di "im-".

Ìdajì kejì ni wàhálà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kì í ṣe" nìkan ni "in-" túmọ̀ sí. Irọ́ ni. "In-" méjì ló wà: ọ̀kan ń sẹ́ ọ̀rọ̀, èkejì ń tọ́ka sí inú. "Inhabit" ni kéèyàn máa gbé inú ibì kan. "Inflammable" tí wọ́n ń kọ sára ọkọ̀ agbépo kì í ṣe ohun tí iná kì í ràn o! Ohun tó ń tètè gbiná ni, òun àti "flammable" kò yàtọ̀. "Invaluable" tilẹ̀ ń sẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó níye lórí débi pé kò ṣeé díye lé ni, kì í ṣe ohun tí kò wúlò.

Àṣìṣe tó burú jù wà lẹ́yìn káàdì "ped". Ẹsẹ̀ ni "ped" lédè Látìn, ibẹ̀ la ti rí "pedestrian", "pedal" àti "centipede". Àfi bí wọ́n ṣe wá ki "paediatrician" mọ́ wọn. Èdè Gíríìkì ni ìyẹn ti wá, ọmọ ló túmọ̀ sí, kò sì bá ẹsẹ̀ tan. Wọ́n kàn jọra lójú ni, bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe ń jọra lọ́wọ́ ẹni tí kì í fàmì sọ́rọ̀. Ẹ fa ìlà sí i, kẹ́ ẹ kọ "biped" rọ́pò rẹ̀: ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Wọ́n ya "ante-" (ṣáájú) àti "anti-" (lòdì sí) sọ́tọ̀ dáadáa, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí àfòmọ́ ẹ̀yìn, ègé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀. Wọ́n fún wa ní "admit", wọn ò mẹ́nu kan "admission". Wọ́n fún wa ní "decide", wọn ò fi hàn pé d rẹ̀ ń di s nínú "decision". Wọn ò sì sàmì sí ibi tí ohùn ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ JAMB ń béèrè rẹ̀. Nínú "photograph", sílébù kìíní ni. Nínú "photography", ó sún sí ìkejì. Nínú "photographic", ó bọ́ sí ìkẹta. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ fúnra yín.

Gbòǹgbò márùn-ún tó fún ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15 ni gbogbo rẹ̀ á gbà. Ẹ kọ́kọ́ méfò ìtumọ̀ kẹ́ ẹ tó yí káàdì, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn sínú ìwé. Ẹ padà sí i lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin àti ọjọ́ keje. Èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ dá a padà sórí àwọn káàdì yòókù. Ẹni tó bá kó 20 jẹ lóru ọjọ́ kan ló máa ń gbé "prescribe" fún "proscribe". Ti àkọ́kọ́, dókítà ń kọ oògùn fúnni. Ti èkejì, ìjọba ń fòfin de nǹkan.

Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ á sì ti máa ká láàárín oṣù kan. Àwọn onífọ́tókọ́pì kan náà lè bá yín fi ọ̀rá bò ó, ṣùgbọ́n ẹ tún "in-" àti "ped" ṣe ná, torí bírò kì í kọ lórí ọ̀rá.