Ìkìlọ̀: ẹ má ra ọkọ̀ alumíníọ́mù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní Lọ́kọ́ja

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o, bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ Kàbà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ọkọ̀ ìpẹja alumíníọ́mù àlòkù rà létí odò ní Lọ́kọ́ja, kó dúró ná, kó ka ọ̀rọ̀ mi tán kó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. ₦1,325,000 ló wọ̀gbẹ́. Owó kajú mi ọdún yìí ni, pẹ̀lú èyí tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo sì ṣì ń san án. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojú ti ń tì mí láti sọ ọ́ síta. Ìyàwó mi ló ní bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíì á tún kó sí i.

Kàbà ni mò ń gbé. Àbúrò mi ń pẹja ní Lọ́kọ́ja, nísàlẹ̀ ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ọkọ̀ igi tó ń lò ti ń jo, ó sì wúwo débi pé èèyàn mẹ́rin ló máa ń wọ́ ọ gun òkè. A wá rò ó pé alumíníọ́mù ló dáa: kì í jẹrà bí igi, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìwúwo irin tó bá tóbi bákan náà. A ó ra àlòkù, a ó yọ ìjókòó àárín, a ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí àbúrò mi á máa dúró lé da àwọ̀n, a ó ṣe àpótí omi fún ẹja òòyẹ̀, a ó sì pààrọ̀ pákó ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì máa ń há mọ́. Mo ti ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì, ó ń bí mi nínú tí mo bá rí i.

Ọkùnrin tó ta ọkọ̀ náà fún mi, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Bó ṣe rí mi báyìí, ó ní, “Òkun o, ẹ̀gbọ́n.” Ó bi mí nípa ilé, ó bi mí bí kajú ṣe so lọ́dún yìí. Èdè wa ló fi bá mi sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ ilé wa! Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní àjèjì ni, mi ò bá ti fura sí i. Ọmọ ilé wa ló wo ojú mi tó parọ́ fún mi.

Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14, ó sì ń dán. Búlúù ni nínú àti lóde, òórùn ọ̀dà náà ṣì wà lára rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi kùn ún. Ó ní òun kì í ta ìdọ̀tí fún èèyàn. Ó ní ọkọ̀ yìí ló kó àwọn èèyàn jáde ní Ganaja nígbà tí omi yalé ní 2022. Èmi náà rántí bí omi ṣe bo ojú ọ̀nà lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Ó tún ní ẹnì kan ń gbé owó bọ̀ láti Ìdá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àbúrò mi wà lójú omi, ìyàwó mi sì ti sọ pé kí n dúró dè é. Mi ò dúró. Kí ló dé tí mi ò dúró?

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò yẹ ọjà wò o. Mo yẹ̀ ẹ́ wò! Mo mú òòfà láti ilé, mo fi kan ara ọkọ̀ náà yíká, kò lẹ̀ mọ́ ọn níbì kankan. Mo ní irin kọ́ nìyẹn, alumíníọ́mù gidi ni. Alumíníọ́mù ni lóòótọ́. Ohun tí mi ò rò ni pé òòfà kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà fi ń dí ara mọ́tò. Mo ka ₦1,150,000 fún un. Mo san ₦95,000 fún ọkọ̀ tó gbé e gba Ọbájànà wálé, láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì, mo fún àwọn ọmọ tó bá wa gbé e ní ₦12,000. Pláíwúùdù tuntun, ₦68,000. Kò sí rìsíìtì kankan.

Ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà. Ọ̀dà náà ń ṣí kúrò bí èèpo iṣu tó jinná. Abẹ́ rẹ̀, pọ́tì. Mo ha pọ́tì, abẹ́ rẹ̀, ihò. Ibi tí wọ́n ti fi bóòtù irin de pákó ìdí ọkọ̀, alumíníọ́mù ti di ìyẹ̀fun funfun, mo fi ìka kàn án, ìka mi wọlé. Irin àti alumíníọ́mù tí omi bá wà láàárín wọn, alumíníọ́mù ló máa jẹ dànù. Pákó náà fúnra rẹ̀ ti rà mọ́lẹ̀, wọ́n kàn kun òkè rẹ̀ ni. Mo gbé ọkọ̀ náà lé bíríkì, mo da omi sínú rẹ̀, mo sì mú ṣọ́ọ̀kì lọ sábẹ́. Mo ka ojú jíjò 31. Ìdí rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó tí wọ́n fi de àwọn páànù ara ọkọ̀ pọ̀, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó kó èèyàn la omi já! Èèyàn ì bá ti kú nínú rẹ̀. Àbúrò mi ì bá ti kú nínú rẹ̀!

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà àdúgbò wa. Ọmọ náà jó o, ihò tó tó owó ẹyọ kan sì di èyí tí orí ife lè gbà. Mi ò bá a wí. Iná tó ń fi jó irin kò ṣeé fi jó alumíníọ́mù: nǹkan bí 660°C ló ti ń yọ́, kì í sì í pọ́n kó tó yọ́, nígbà tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ máa ń mú kó bo ojú rẹ̀ kì í yọ́ títí iná yóò fi kọjá 2,000°C. Ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì argon ló yẹ. Ó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó gbé e lọ, àmọ́ ta ló sọ fún mi?

Mo pe ọkùnrin náà. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ojú yín lẹ fi rà á.” Láti ìgbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ojú mi! Ojú mi tó fi ọ̀dà bò.

Ní tèmi, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta ọkọ̀ àlòkù gbọ́ mọ́. Bóyá àwọn kan ṣì wà tó ń ṣòótọ́, mi ò tíì pàdé wọn. Tí ẹ bá máa rà á ṣáá, ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà níwájú ẹni tó ń tà á. Tó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ da omi sínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo abẹ́. Ẹ fi ẹnu ìṣó gún pákó ìdí ọkọ̀ wò. Ẹ gba ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kun ọ̀dà tó ní bàbà sí i, á jẹ ẹ́ ni. Ẹ mú ẹni tó mọ omi dání.

Àbúrò mi kọjá níbẹ̀ lánàá. Ọkọ̀ méjì mìíràn ṣì wà létí odò níbi tí mo ti ra tèmi, wọ́n ti kùn wọ́n ní búlúù kan náà.