Kámẹ́rà Tuntun: Ṣé Kí A Lo Wáyà Àtijọ́ Ni, àbí Kí A Fa Òmíràn?

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ní Ìlọrin, láti Ọjà-Ọba títí dé Tánkẹ̀, ni wáyà coaxial (wáyà roboto bí irú èyí tí a fi ń so tẹlifíṣọ̀n mọ́ antẹ́nà) ti wà nínú ògiri wọn láti ìgbà kámẹ́rà ààbò àtijọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lo kámẹ́rà onínẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ló wà.

Wáyà tuntun, irú Cat6 tí a fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, ni mo fara mọ́ jù fún ilé tí a ṣì ń kọ́ lọ́wọ́, nítorí pé wáyà kan ṣoṣo yìí lè gbé àwòrán àti iná pọ̀, láìsí ẹ̀rọ tí ń yí àmì padà. Àmọ́ kò yẹ kó gùn ju mítà 100 lọ.

Wáyà àtijọ́ ń béèrè ẹ̀rọ kékeré tí ń yí àmì padà ní ìkángun rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ó lè kọjá mítà 100 dáadáa, kò sì ní jẹ́ kí a fọ́ ògiri tí a ti rẹ́ tí a sì ti kùn. Fún ọgbà ilé ìwé gbọọrọ ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré rárá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ yẹ wáyà náà wò kí ẹ tó ná owó kankan. Ẹ wo orí BNC (irin ẹnu wáyà tí a fi ń so ó mọ́ ẹ̀rọ) tó ti dípẹtà àti ibi tí eku ti jẹ. Bí inú rẹ̀ bá jẹ́ irin tí wọ́n fi bàbà bò, tí kì í ṣe bàbà gidi, agbára iná á máa dín kù lójú ọ̀nà, débi pé kámẹ́rà lè máa kú lóru nígbà tí iná infrared rẹ̀, tó ń jẹ́ kó ríran nínú òkùnkùn, bá tàn. Níbẹ̀, wáyà tuntun ló tọ́, kódà bí a ó tilẹ̀ fọ́ ògiri.