Táyà Hilux ní Lagere: ẹ wo ọjọ́ orí ẹ̀ kẹ́ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń fi Hilux àtijọ́ kó ẹrù n'Ífẹ̀, ṣọ́ọ̀bù táyà tí mo lọ ní Lagere yìí, mo fọwọ́ sọ̀yà fún wọn. Bọ̀dá tó ń tajà kọ́kọ́ bi mí pé kí ni mò ń kó, mo ní kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ifẹ̀tẹ̀dó, ló bá ní kí n má ra táyà mọ́tò kékeré rárá, àfi èyí tí wọ́n kọ C sí lẹ́yìn nọ́ńbà ẹ̀, 225/70R15C ni tèmi, torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le, ó sì lè gbẹ́rù. Ó wá fi àtàǹpàkò nu eruku, ó fi nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, ìyẹn àmì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, hàn mí: 1424, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń dán lóòótọ́, eyín ẹ̀ ṣì ga, àmọ́ 0916 ló wà lára ẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2016, ó sì ti ń sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ẹ má rà á o, ẹ jọ̀ọ́! Ọjà wọn wọ́n díẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí n ná an tó bó ṣe wù mí, ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n wọ́n bá mi dè é, wọ́n tún báláǹsì ẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e.