Thunderbird lábúlé Òkè-Ògùn: lẹ́tà ló ń dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èmi kọ́

Tó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó lẹ̀ ń gbé, àgbéyẹ̀wò yìí lè má wúlò fún yín tó bẹ́ẹ̀. Àwa tá à ń gbé lápá Òkè-Ògùn ni mo kọ ọ́ fún, àwa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yà sọ́dọ̀ wa bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú, tí kì í sì í dágbére kó tó lọ. Thunderbird ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ètò orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń gba ímeèlì, tó fi ń kọ ọ́, tó sì fi ń fi í ránṣẹ́. Kì í ṣe ọjà tuntun. Ọdún 2004 ni ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde. Ọ̀fẹ́ ni, owó tí àwọn tó ń lò ó bá fínnúfíndọ̀ dá ni wọ́n fi ń gbé e ró.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkajú kan nítòsí Àgọ́-Àrẹ ni mí. Láti nǹkan bí oṣù kejì lọ sí oṣù kẹrin, tí kajú bá ti ń já bọ́, àwọn oníbàárà láti Èkó á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: àpò mélòó ló wà nílẹ̀, fọ́tò èso dà, ìwé ìwọ̀n dà, ìwé owó dà. A lè fi WhatsApp dúnàá-dúrà, àmọ́ tó bá ti di ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí, ímeèlì ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dá wọn lóhùn ni wọ́n máa ń bá rà.

Ọ̀pọ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgbèríko ni kò ní wáyà fáíbà nídìí. Láti orí òpó kan sí òmíràn ni wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ ju ọ̀rọ̀ sí ara wọn, débi pé tí èyí tó wà láàárín bá kú, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti kú nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí dísẹ́ẹ̀lì bá tán, kò sẹ́ni tó máa sọ fún wa. Lójú fóònù, ẹ máa rí i tí 4G á di 3G, tí 3G á di E (ìyẹn 2G), tí E náà á sì pòórá. Lórí E yìí, Gmail inú búráúsà á kàn máa yí po ni, títí tí agara á fi dá èèyàn.

Ohun tó fà á ni pé tẹ́ ẹ bá ṣí Gmail nínú búráúsà, odidi ètò kan lẹ̀ ń kó wá láti òkèèrè kẹ́ ẹ tó fojú kan lẹ́tà ẹyọ kan. Google ní ojú-ewé fúyẹ́ kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Basic HTML, èyí tó bá irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa mu, àmọ́ wọ́n ti ká a kúrò nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ti Thunderbird yàtọ̀, torí ètò náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀nà tó ń gbà bá sáfà (kọ̀ǹpútà òkèèrè tó ń tọ́jú lẹ́tà yín) sọ̀rọ̀, èyí tó ń jẹ́ IMAP, kò ju gbólóhùn kúkúrú kúkúrú lọ: kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ta ló kọ ọ́, gbé e wá. Lẹ́tà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán kì í ju kílóbáìtì mélòó kan lọ. E gan-an lè rù ú. Tó bá sì ti dé, ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Mo lè kà á, kí n dá a lóhùn, kí n wá lẹ́tà ọdún tó kọjá jáde, kí òpó kankan má ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò wa.

Àmọ́ o, bí wọ́n ṣe ṣe é, kò mọ̀ pé abúlé lẹ wà. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ímeèlì yín sí i, gbogbo lẹ́tà tẹ́ ẹ ti ní láti ọjọ́ pípẹ́ ló máa fẹ́ kó wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù yín lọ sí Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn fún iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, pàápàá torí pé Gmail á ṣí ojú-ewé Google kan fún yín láti wọlé, ojú-ewé yẹn kò sì fúyẹ́. Tí ẹ kò bá lè lọ, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Synchronization & Storage sí, kẹ́ ẹ ní kó kó lẹ́tà 30 ọjọ́ tó kẹ́yìn nìkan. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa sọ fún un pé kó má gbé lẹ́tà tó bá wúwo ju iye kan lọ. 200 KB ni mo fi tèmi sí. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí rẹ̀ nìkan ló máa dé, ìyẹn orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àkọlé àti ọjọ́. Tí mo bá rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni, màá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí 4G bá yọjú. Tó bá jẹ́ ìpolówó ọjà, ó wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń lo Gmail gbọ́dọ̀ mójú tó. Fódà kan wà tó ń jẹ́ All Mail, ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà ló sì wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, Thunderbird á gba lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á gbà á fún Inbox, á tún gbà á fún All Mail. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn fódà tó ń kó wálẹ̀. Bákan náà, nínú Server Settings, lábẹ́ Advanced, okùn ìsopọ̀ (connections) márùn-ún ló máa ń fà lọ sọ́dọ̀ sáfà lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára, ṣe ni àwọn okùn yẹn ń bá ara wọn du ọ̀nà tóóró kan. Mo sọ tèmi di ẹyọ kan, kíá ni mo rí ìyàtọ̀. Àwọn tó bá láyà lè wọ Config Editor, kí wọ́n wá mailnews.tcptimeout, kí wọ́n sọ ọ́ di 300, kó lè máa ní sùúrù fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó pariwo pé sáfà kò dáhùn. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan míì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwòrán tí àwọn oníṣòwò máa ń kó sínú ímeèlì wọn ni mi ò tilẹ̀ ní láti ṣe nǹkan kan sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Thunderbird kì í ti í gbé àwòrán tó wà lórí sáfà ẹlòmíràn wá, àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ fífi lẹ́tà ránṣẹ́. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, mo máa ń kọ lẹ́tà mi tán, kí n so ìwé mọ́ ọn, kí n tẹ Ctrl, Shift àti Enter pọ̀. Inú Outbox ló máa bọ́ sí. Tí mo bá kọ mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á tò síbẹ̀. Mo ti ṣètò rẹ̀ pé tí mo bá ti jáde kúrò ní Work Offline, ìyẹn ipò tí kì í ti í wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó kó wọn lọ láìbi mí léèrè. Alága wa kò kọ́kọ́ gba èyí gbọ́. Wọ́n á ní, “Akọ̀wé, ìwé yẹn ti lọ àbí kò tíì lọ?” Màá ní, “Ó wà nínú Outbox, bàbá.” Wọ́n á ní, “Outbox ti ìlú wo?” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní alága bíi tèmi, ẹ sọ fún wọn pé a ti kọ ọ́, a ti lẹ̀ ẹ́, mọ́tò là ń retí.

Ó kù síbì kan tó ń jẹ dátà láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Tí Thunderbird bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ tán, ó tún máa gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sínú fódà Sent tó wà lórí sáfà. Ìyẹn ni pé tí lẹ́tà yín bá wúwo tó 4 MB, ẹ máa san owó 8 MB. Bẹ́ẹ̀, Gmail fúnra rẹ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tẹ́ ẹ bá gbà ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Nítorí náà, tó bá jẹ́ Gmail lẹ̀ ń lò, ẹ lọ sí Copies & Folders, kẹ́ ẹ yọ àmì iwájú Place a copy in kúrò. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó 50% lé owó wọn, àmì kékeré yẹn ti di owó gidi lọ́wọ́ wa.

Nípa ìwé àti fọ́tò tí à ń so mọ́ lẹ́tà, Thunderbird kò lè ṣiṣẹ́ ìyanu. Ímeèlì gbọ́dọ̀ yí fáìlì padà sí álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà kó tó lè gbé e, ìyípadà yẹn sì máa ń fi bí ìdá mẹ́ta kan kún ìwọ̀n rẹ̀: fọ́tò 3 MB á di 4 MB lójú ọ̀nà.  Èyí tó tún burú jù ni pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tó ku díẹ̀ kí lẹ́tà lọ tán, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló máa tún un gbé. Bí ìmọ̀ ẹ̀rọ ímeèlì ṣe rí nìyẹn, ètò yòówù kéèyàn lò. Mo wá fi Shrunked Image Resizer kún tèmi, ó máa ń dín fọ́tò kù kó tó so ó mọ́ lẹ́tà. Oníbàárà tó fẹ́ wo àwọ̀ kajú kò nílò fọ́tò tí wọ́n lè fi lẹ ara ògiri. Fọ́tò púpọ̀, lẹ́tà púpọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń pín wọn, kó má bàa jẹ́ pé tí ọ̀kan bá já, gbogbo rẹ̀ á já.

Àwọn kan á ní kí n ra àwo sátẹ́láìtì. Mi ò bá wọn jà. Starlink ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní ọdún 2023, ojú ọ̀run ló sì ti ń bọ̀, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì òpó wa. Ṣùgbọ́n àwo náà fúnra rẹ̀ ń jẹ iná bíi 50 sí 100 W ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn, sólà kékeré tó wà ní ọ́fíìsì wa kò sì lè gbé ìyẹn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Owó oṣooṣù rẹ̀ pẹ̀lú ju agbára ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀ ju ìgbà kajú lọ. Ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn tó ní sólà ńlá lè rà á, ó máa sàn fún wọn.

Tó bá jẹ́ ẹyọ Gmail kan péré lẹ ní, tí ẹ sì ń lo Chrome, Gmail náà ní ètò offline tirẹ̀ tó lè tọ́jú lẹ́tà 7, 30 tàbí 90 ọjọ́. Ó lè tó yín. Àwa ní ímeèlì méjì, ọ̀kan Gmail, ọ̀kan tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, Thunderbird sì kó méjèèjì sójú kan.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn? Ètò inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ohun méjì tó jọra sì lè wà ní ibi méjì tó jìnnà síra. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò dáadáa máa nílò ẹni tó máa jókòó tì í. Àwọn tí kò ní kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà Android ti wà láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Inú K-9 Mail, ètò ímeèlì kan fún Android, ni wọ́n ti mú un jáde. Mo ní in lórí fóònù mi, ó dáa fún kíkà àti ìdáhùn kúkúrú, àmọ́ ìwé owó, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń fi í ránṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe jẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà yín wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ sí Help, ẹ ṣí Troubleshooting Information, ẹ tẹ Open Folder tó wà níwájú Profile Folder, kẹ́ ẹ wá ti Thunderbird pa, kẹ́ ẹ sì da gbogbo fódà náà sórí flash. Gbogbo lẹ́tà, àdírẹ́ẹ̀sì àti ètò tẹ́ ẹ ṣe ló wà níbẹ̀. Mo máa ń ṣe ẹ̀dà tèmi lópin ìgbà kajú, ilé alága ni flash náà sì ń gbé.